Iṣẹ́ ọnà àwọn Kirigíìsì: kí ni Ganhi lè rí kọ́ níbẹ̀?

Ẹni tó bá gba Boulevard de la Marina kọjá létí èbúté Kùtọ́nù, nítòsí Ganhi, kò lè ṣàì rí àwòrán tó wà lára ògiri èbúté náà. Ó gùn tó bíi kìlómítà kan. Àwọn ayàwòrán àjọ̀dún Effet Graff, èyí tí Laurenson Djihouessi tí wọ́n ń pè ní Mr Stone dá sílẹ̀, ló kùn ún, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti àlejò. Ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wa ni wọ́n yà síbẹ̀. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni, ó sì dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ojú kan ló wà. Iṣẹ́ ọnà mìíràn wà tó jẹ́ pé torí ìrìn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni ti àwọn Kirigíìsì, darandaran orí òkè ní àárín gbùngbùn Éṣíà.

Nígbà ooru, wọn á kó àgùntàn àti ẹṣin lọ sórí òkè. Bí òtútù bá dé, wọn á sọ̀kalẹ̀. Ilé wọn náà ń bá wọn lọ. Boz üy ni wọ́n ń pè é: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n wá fi irun àgùntàn bò. Tunduk, ìyẹn òbìrí orí ilé tí èéfín ń gbà jáde, ló wà láàárín àsíá Kirigísítáànì láti 1992. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Soviet fi tipátipá mú ọ̀pọ̀ wọn jókòó sójú kan. Ìrìn dín kù, àmọ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ò kúrò lára irun àgùntàn.

Ẹní wọn tó lókìkí jù ni shyrdak. Wọn á fi igi lu irun náà kó lè mọ́, wọn á tẹ́ ẹ sórí ẹní esùsú, wọn á da omi gbígbóná lé e, wọn á ká a, wọn á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ki bí aṣọ. Ẹnì kan ò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ibi tó wù wá jù nìyí: wọn á gbé aṣọ aláwọ̀ méjì lé ara wọn, ká ní pupa àti dúdú, wọn á gé ọnà kan náà lára méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ìwo àgbò. Ìwo pupa á wọ inú ihò dúdú, ìwo dúdú á wọ inú ihò pupa. Ẹní méjì jáde, èékù ò sí! Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán an mọ́ aṣọ mìíràn tó nípọn.

Ní 2012, UNESCO fi shyrdak àti ìkejì rẹ̀, ala-kiyiz, sínú ìwé àwọn àṣà tó nílò ààbò kíákíá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ti lé ní ogójì ọdún, àwọn ọ̀dọ́ ò kọbi ara sí i, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó pọ́ọ́kú sì ti gba ọjà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ní Kétu, ní Pọ́tónóvò, ní Kùtọ́nù níbí pàápàá: aṣọ lórí aṣọ, tí ìdílé ń fi kún un, tí ẹwà rẹ̀ kì í yọ tán àfi tó bá ń yí. Bí ìyá tó mọ̀ ọ́n rán bá lọ, ta ló kù?

Lójú tiwa, kò sí ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde bí a bá kàn lọ ya ìwo àgbò sára ògiri. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ló yẹ ká yá. A ò ní irun àgùntàn bíi tiwọn, àmọ́ Missèbo, ọjà aṣọ, ò jìnnà sí Ganhi, èékù aṣọ sì wà lọ́dọ̀ télọ̀ gbogbo. Aṣọ méjì tó nípọn dọ́gba, ṣọ́ọ̀kì, sísọ́ọ̀sì tó mú dáadáa àti ìyá àgbà kan tó mọ abẹ́rẹ́ lò ti tó fún ọmọ mẹ́fà láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gé ọnà tó tóbi; ọnà wẹ́wẹ́ máa ń ya lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.