Bí Iṣan Alààyè Ṣe Ń Jí Ọwọ́ tó Ti Rọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ta ni yóò wá bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára, ṣùgbọ́n tí kò lè fi mú ṣíbí, tún ìwà tirẹ̀ ṣe? Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ju pé kí ó fara dà á lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Iṣan tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ìmọ̀lára ni, fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá ẹran ara, bí wáyà ṣe ń gbé iná dé inú gílóòbù. Ní ọdún 1850, Augustus Waller gé iṣan ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé apá tí a gé kúrò lára orísun rẹ̀ a máa jẹrà. Apá tó ṣẹ́kù lára orísun nìkan ló lè tún hù.

Híhù ọ̀hún ló wá di ìṣòro, nítorí kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ lóòjọ́. Bí iṣan bá já nítòsí ọrùn, ó lè tó ọdún méjì kí ó tó hù dé àtẹ́lẹwọ́. Ẹran ara kò sì ní dúró dè é: bí ó bá ti tó oṣù 12 sí 18 tí kò gbọ́ àṣẹ, ó ń gbẹ lọ nìyẹn.

Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Ní ọdún 1943, Herbert Seddon ti Oxford pín ìpalára iṣan sí ọ̀nà mẹ́ta, láti orí èyí tí ara yóò fúnra rẹ̀ wò dé orí èyí tó já pátápátá. Ní ọdún 1951, Sydney Sunderland ti Melbourne sọ ọ́ di márùn-ún. Ìpínsísọ̀rí yìí ló ran àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ láti mọ ẹni tí a lè dúró dè àti ẹni tí dídúró yóò pa lára.

Bí iṣan tó já kò bá lè tètè débẹ̀, kí ló dé tí a kò fi yá lára iṣan alààyè tó wà nítòsí? Harris àti Low ti London ti ròyìn síso iṣan kan mọ́ òmíràn ní ọdún 1903. Àmọ́ Christophe Oberlin, ará Faransé, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọdún 1994. Ó yọ fọ́nrán díẹ̀ lára iṣan tó ń lọ sí ọwọ́, ó sì so ó mọ́ ti ẹran tó ń ká ìgúnpá. Apá tí kò lè ká tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ọwọ́ tí a yá fọ́nrán lára rẹ̀ kò sì rọ.

Ní ọdún 2012, Susan Mackinnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, Amẹ́ríkà, ròyìn baba ẹni ọdún 71 kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, baba náà tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ní ọdún 2019, Melbourne ìlú Sunderland tún sọ tirẹ̀: Natasha van Zyl àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn iṣan 59 tí wọ́n ti so lára ènìyàn 16. Mẹ́rin kò yọrí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà tún lè na apá, kí wọ́n sì la ọwọ́, kí wọ́n sì fi di nǹkan mú.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ìjàǹbá alùpùpù wà lára ohun tó máa ń já iṣan èjìká jù lọ, ọ̀kadà sì pọ̀ ní ìgboro wa. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń tọ́jú egungun tó ṣẹ́, tí wọ́n sì ń retí pé ọwọ́ tó rọ yóò jí bí egungun bá ti jiná. Oṣù ń gorí oṣù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni yín, ẹ má bi dókítà nípa egungun nìkan. Ẹ bi í nípa iṣan pẹ̀lú, kí oṣù mẹ́fà tó pé.