Àtúnkà Kì í Ṣe Àtúngbìn: Ìdáhùn Kan lórí Ìwádìí Ọrọ̀-Ajé Tí A Ṣí Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀mọ̀wé tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ pé asán ni kí onímọ̀ ọrọ̀-ajé máa ṣí dátà àti ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ, nítorí pé nínú àdánwò 18 tí Colin Camerer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016, 11 péré ni ó jọ ti àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọ̀rẹ́ mi da àtúnkà pọ̀ mọ́ àtúngbìn.

Olóko tí ó gba alágbàṣe mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: kí ó tó san owó igba ebè, yóò rìn yí oko ká, yóò sì ka ebè náà fúnra rẹ̀, àtúnkà nìyẹn. Àtúngbìn ni kí a mú irú iṣu kan náà lọ sí oko mìíràn, lábẹ́ òjò mìíràn, kí a wò ó bóyá yóò ta. Iṣu tí kò ta lóko kejì kò sọ olóko àkọ́kọ́ di òpùrọ́, nítorí ilẹ̀ lè yàtọ̀, òjò sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n igba ebè tí a kà tí kò pé igba, kò sí òjò tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àtúngbìn ni Camerer ṣe; ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ àtúnkà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff kọ ọ́ ní 2010 pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ti ju ìdá 90 nínú 100 ohun tí ó ń pèsè lọ́dún kì í sábà gbèrú mọ́, ọ̀pọ̀ aláṣẹ ni ó di ọ̀rọ̀ náà mú, àfi ìgbà tí Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Massachusetts, gba ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí ó sì rí i pé wọ́n ti fo orílẹ̀-èdè márùn-ún. Nígbà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún èyí àti àbùkù mìíràn ṣe ní 2013, ìdàgbàsókè tí a pè ní −0.1 nínú 100 di 2.2. Àṣìṣe ni, kì í ṣe irọ́. Bí wọn kò bá sì ṣí ìwé náà, inú rẹ̀ ni ìbá wà títí di òní.

Ọ̀rọ̀ àtúnkà kan ilé wa náà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọṣọ, níbi tí Gowon Estate tí mo ti ń kọ̀wé yìí wà, ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 2006 ní a fi díẹ̀ ju 1,200,000 lọ, ìkànìyàn tí ìpínlẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ ní a ju 2,000,000 lọ. Fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, 9,013,534 ni ti àkọ́kọ́, 17,552,942 ni ti ìkejì. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n! Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ o. Kò sí àtúngbìn tí ó lè parí ìjà yìí, nítorí ọdún 2006 kò ní í padà wá. Ìwé tí a fọwọ́ kọ lójúlé-dójúlé ni a óò tún kà.

Ẹni tí ń bẹ̀rù pé ṣíṣí dátà sílẹ̀ yóò tú àṣírí onílé, kí ó wo ìwádìí agbo-ilé 5,000 tí àjọ ìṣirò Nàìjíríà àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2010: ọ̀fẹ́ ni, orúkọ onílé kò sì sí nínú rẹ̀.

N kò sọ pé mo ti dé ìdí òkodoro. Bóyá ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rí tí n kò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ibi tí ó lè fi í pamọ́ sí.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni ìwé àwọn alájọ tí ń ti àdúgbò wa bọ́ sí Ẹgbẹ́dá ní òwúrọ̀. Ojú 31 ni káàdì oníbàárà ní, owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ó ń fàmì sí káàdì, ó sì tún ń fà á sí ìwé tirẹ̀, kí ẹni méjì lè ka owó kan náà. Títún irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ dáwọ́ lé. Mo bẹ alájọ tí ó bá ṣì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti àtijọ́, kí ó má kó o fún alákàrà kí n tó dé.