Kí Ohùn Tó Lọ Ni Kí Ẹ Ti Sọ Ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Àwa ará Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo, ọmọ ìsọjí ni wá. Ní 1930 ni Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tí èrò ń wọ́ wá, tí aláìsàn ń rí ìwòsàn. Látìgbà náà la ti ń gbàdúrà fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wá láti bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Babalọlá náà sùn nínú Olúwa ní 1959, lọ́mọ ọdún 55.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín tàbí jẹjẹrẹ, ta ni yóò bá dókítà sọ̀rọ̀ tí òun ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́? Ìtọ́jú wo ló fẹ́, èwo ni kò fẹ́? Ṣé ilé ló fẹ́ wà ni àbí ọsibítù? Ilẹ̀ wo ni kí wọ́n má tà? Ẹni bá bèèrè, wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé o fẹ́ pa Bàbá ni?" Tí ohùn bá wá lọ, àwọn ọmọ á máa jà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ẹ wo Jákọ́bù. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 47 ló ti ní kí Jósẹ́fù búra pé wọn ò ní sin òkú òun sí Íjíbítì. Orí 48 ni ìròyìn àìsàn rẹ̀ tó dé. Hesekáyà ńkọ́? Wòlíì ní kó lọ ṣètò ilé rẹ̀, ó sunkún gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Ètò ilé ò dí àdúrà lọ́wọ́.

Òfin náà mọ̀ ọ́n. Ní 1991, abilékọ kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò gbọdọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Ó kú, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà sì dá dókítà tó gbọ́ tirẹ̀ dúró fún oṣù 6. Ní 2001, Supreme Court dá dókítà náà láre, wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. A ò bá wọn gbà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ kíyè sí i: ìwé tó fọwọ́ sí nígbà tó ṣì lè fọwọ́ sí i ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Òfin ìlera ti 2014 náà sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àìsàn ẹni àti ìtọ́jú tó wà fún un.

Ìgbà wo ló wá yẹ ká bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ gbaṣẹ́, ara yín le koko, ẹ kọ orúkọ next of kin sínú fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó ní ẹ ń pe ikú. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ tí dókítà bá ti ní àìsàn yìí á pẹ́ lára ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì ń fẹsẹ̀ yín rìn lọ gba oògùn. Ẹ yan ẹnì kan, ẹ mú un dání lọ rí dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Tí ara bá yí padà, ẹ tún un sọ, torí ọkàn èèyàn lè yí padà. Ẹ pe pásítọ̀ yín sí i, a ò ní bínú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi wọ́n lónìí. Olúwa á wo àwọn aláìsàn wa sàn, á sì fi àlàáfíà sílé wa. Àmín.