Kànga Wa àti Epo Ọkọ̀: Ìtàn Tí Eleko Kò Gbọdọ̀ Fi Ṣeré

Bí a bá pé jọ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti iná mànàmáná ni a máa ń fẹnu bà jù. Lọ́dún yìí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbọ́ ìtàn omi tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, nítorí ohun tí ojú kò rí ni ó sábà máa ń ba ilé jẹ́.

Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ wa, láàrin òkun àti ọ̀sà. Kí ọ̀nà ọlọ́dà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tó dé ní àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ ojú omi ni a gbójú lé jù. Kànga kò sì ní láti jìn púpọ̀ kí ó tó kan omi. Oore ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀: iyanrìn tí ń jẹ́ kí omi òjò tètè sọ̀kalẹ̀ kò lè dá epo dúró. Ọ̀nà mú ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ mú ọgbà mẹkáníìkì àti ilé epo wá. Lẹ́yìn náà ni èbúté ńlá Lẹ́kí ṣí ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti ba omi wa jẹ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí a dúró di ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ará Bárúwà ní Ìpájà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó wa níbí. Ní àárín àwọn ọdún 1990, epo bẹntiróòlù jò láti inú ọ̀pá tí ń gbé epo kọjá ní àdúgbò náà, ó sì wọ inú kànga wọn. Imú ni ó kọ́kọ́ sọ fún wọn. Àwọn tí ó ní kànga lẹ́yìnkùlé wá di ẹni tí ń ra omi mu, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán láàrin ọdún kan tàbí méjì.

Ti Ogale ní ilẹ̀ Ogoni tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka tí ń mójú tó àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ 2011. Wọ́n bá epo fífọ̀ tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀, nítòsí ọ̀pá epo ilé iṣẹ́ NNPC. Nínú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, benzene, èròjà inú epo tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ lọ ní ìlọ́po 900. Bí a bá pín gíráàmù 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 10 péré nínú ìpín wọ̀nyí ni benzene tí àjọ náà gbà láàyè nínú lítà omi 1.

Kí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Camp Lejeune, ibùdó ọmọ ogun ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, epo tí ó jò láti inú àgbá abẹ́ ilẹ̀ wà lára ohun tí ó ba omi mímu jẹ́. Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàjẹ́ náà hàn ní 1982. Ọdún tí òfin wọn kà sí ìgbà ìbàjẹ́ náà jẹ́ 1953 sí 1987, ṣùgbọ́n 2022 ni a tó ṣe òfin tí ó fún àwọn tí ó mu omi náà ní àyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Báwo wá ni a ṣe ń yẹ omi wò níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe? Epo fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ó máa ń léfòó. Ṣùgbọ́n benzene a máa yọ́ wọ inú omi, a sì bá a ṣàn lọ. Àwọn onímọ̀ a gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ní igun mẹ́ta, wọn a sì wọn ibi tí omi dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọn lè mọ apá ibi tí ó ń ṣàn sí. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lókè ìṣàn, kí ó lè jẹ́rìí bí omi ti rí kí ó tó dé ọgbà náà. Wọn a fa omi tí ó ti sùn nínú kànga dànù, wọn a bu tuntun kún ìgò gíláàsì kékeré dé ẹnu láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè, wọn a sì fi yìnyín gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kíákíá, nítorí benzene a máa fò lọ. Imú kò tó ṣe ẹlẹ́rìí: omi tí kò rùn lè ní benzene nínú.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí omi rẹ̀ dára, kí ni yóò fi hàn lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́? Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa gbé omi kànga díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Kí àwọn mẹkáníìkì wa máa gba ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́mù sínú àgbá lórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, kí wọ́n má dà á sí iyanrìn. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi ràn wá lọ́wọ́ nípa owó àyẹ̀wò náà, nítorí kò kéré.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi Eleko máa tutù fún àwọn ọmọ wa. Àmín.