Téṣàn: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Téṣàn wà lára àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wọ inú èdè Yorùbá tán, tó jẹ́ pé ẹni tí kò ka ìwé rárá ń lò ó fàlàlà. Station ni àwọn Òyìnbó ń kọ ọ́. Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdúró tàbí ibi tí ènìyàn dúró sí. Lára ìtumọ̀ kan yìí ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ mìíràn yọ: ibi tí ọmọ ogun ti ń ṣọ́nà, ibi tí ọkọ̀ ogun orí omi ń gbé, ipò tí ènìyàn wà láwùjọ, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, ilé ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ rédíò. Ní Ọsirélíà, oko ńlá tí wọ́n ti ń sin màlúù àti àgùntàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé lójú òfurufú, tó ń yí ayé po, orúkọ yìí náà ni wọ́n fún un. Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ wọ̀nyí ló dé Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Àwọn tó dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, bí ìjọba àti òwò ṣe ń mú ohun tuntun wá.

Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà ní àríwá Òṣogbo, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ní agbègbè odò Ọ̀tìn. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ìnísà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò Ọ̀tìn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Òkukù. Kí téṣàn tó dé, ibùdó ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ fún ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀dó sí fún ìgbà díẹ̀, ogun ló sì sábà máa ń dá ibùdó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà nítòsí Ìkìrun, níbi tí àwọn Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Odò Ọ̀tìn tí àwọn tó ń sá lọ já lù ló fún ogun náà lórúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìbàdàn fi Ìkìrun ṣe ibùdó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti kojú Ìlọrin. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀ lákòókò ogun yìí, wọ́n sì sá wá sí Ìkìrun. Ìgbà tí Gómìnà Gilbert Carter wá láti Èkó ní 1893, tó sì mú kí ìhà méjèèjì tú ibùdó wọn ká, ni ogun tó parí, tí ará Òkukù sì padà lọ tún ilé kọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1896, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà, ó sì wọ Ìlọrin ní 1908. Ní 1909, ó ti dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ń tọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni rélùwéè wá ń tọ̀. Téṣàn àkọ́kọ́ tí ará agbègbè yìí mọ̀ nìyẹn: ilé tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró.

Ìdí pàtàkì wà tí téṣàn fi pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, títí kan ibi tí ìlú kò ti tóbi. Ipa kan ṣoṣo ni ojú irin náà, ìbú àárín irin méjèèjì kò ju 1,067 mìlímítà lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń ti Èkó lọ sókè, òmíràn sì ń ti òkè bọ̀. Bí méjì bá pàdé lójú kan náà, ikú ni. Nítorí náà wọ́n máa ń fi irin kejì sí ẹ̀gbẹ́ téṣàn, kí ọkọ̀ kan yà síbẹ̀ kí èkejì tó kọjá. Ọ̀gá téṣàn kò ní í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra láìjẹ́ pé ó ti fi wáyà bá ọ̀gá téṣàn iwájú sọ̀rọ̀, tí ìyẹn sì ti fi dá a lójú pé ọ̀nà ṣófo. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ayé ìgbà náà tún ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ó ń jẹ èédú, ó sì ń mu omi púpọ̀, kò sì lè rìn jìnnà kí ó tó dúró gba omíràn. Iṣẹ́ téṣàn nígbà náà ju kíkó èrò lọ: òun ló ń pa ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ mọ́.

Ohun tí téṣàn ṣe fún òwò pọ̀ jọjọ. Kí ó tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Nígbà tó dé, ẹ̀kúrọ́, òwú, iṣu, obì àti kòkó ń bá ọkọ̀ lọ. Iyọ̀, aṣọ àti páànù ìkọ́lé ń bá ọkọ̀ bọ̀. Àwọn oníṣòwò ń wọkọ̀ lọ sí Kàdúná àti Kánò. Àwọn tó ń ta oúnjẹ fún èrò tẹ́ àtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, àwọn alájàpá kọ́lé sí tòsí, téṣàn sì di orúkọ àdúgbò yàtọ̀ sí orúkọ ilé kan. Òṣogbo ni èyí ti hàn jù, níbi tí òpópónà tó lọ síbẹ̀ ti ń jẹ́ Station Road títí di òní.

Àwọn ọmọ agbègbè yìí tó lọ ṣòwò ní Gánà bá ìtumọ̀ mìíràn pàdé. Lọ́dọ̀ àwọn ará Gánà, ibi tí ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ ẹrù ti ń gbéra ni station, ohun tí Yorùbá Nàìjíríà ń pè ní gáréjì. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá padà wálé. Síbẹ̀ ìtumọ̀ ti Gánà kò fìdí múlẹ̀ nílé, nítorí gáréjì ti gba ipò rẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Èyí tó fìdí múlẹ̀ jù ni ti ọlọ́pàá. Ní ayé ìjọba ìbílẹ̀ àtijọ́, àwọn akódà ọba ló ń mú ọ̀daràn, ààfin sì ni wọ́n ń mú un lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n da ọlọ́pàá Gúúsù pọ̀ mọ́ ti Àríwá láti dá ọlọ́pàá Nàìjíríà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, wọ́n tú àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ tó bá ti kan ìjà, olè tàbí gbèsè tó le, téṣàn ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn oníròyìn ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ní ẹnu ará ọjà, téṣàn náà ni. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n ti mú lágbájá lọ sí téṣàn, kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ọkọ̀ ojú irin ló fẹ́ wọ̀.

Inú ìjọ Kristẹni náà ni ọ̀rọ̀ yìí gbà wọlé. Ibi tí míṣánnárì bá tẹ̀dó sí ni àwọn ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣánnárì ìjọ Áńgílíkà, ń pè ní station, irú èyí tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1853. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, ìjọ kékeré tí àlùfáà ń bẹ̀ wò láti ìjọ ńlá ni outstation, àwòrán mẹ́rìnlá tó ń ṣàfihàn ìjìyà Jésù lójú Ọ̀nà Àgbélébùú sì ń jẹ́ station pẹ̀lú. Inú ìjọ ni ìtumọ̀ wọ̀nyí mọ sí. Wọn kò di èdè ọjà.

Àwọn ohun mìíràn tó ń jẹ́ station ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá fún wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù di ilé epo. Ibi tí wọ́n ti ń dìbò di ibùdó ìdìbò. Ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń pe irú OSBC tó wà ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn hàn gbangba: téṣàn dúró lára ohun méjì tí ìjọba amúnisìn fúnra rẹ̀ gbé wọlé, ìyẹn rélùwéè àti ọlọ́pàá; èyí tó dé lẹ́yìn wọn gba orúkọ Yorùbá. Ibùdó, tó jẹ́ ti ogun tẹ́lẹ̀, wá di ti ìbò, ti iná àti ti ọkọ̀.

Láti nǹkan bí 1970 sí 1990, ọkọ̀ àjàgbé gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Àìtún ojú irin ṣe àti àìsan owó òṣìṣẹ́ déédéé bà á jẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ téṣàn sì di ahoro. Ọkọ̀ tún padà ń ti Èkó lọ sí Kánò ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Lákòókò Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ọ̀ṣun ń san owó ọkọ̀ ojú irin fún àwọn tó ń ti Èkó wá ṣe ọdún ní Òṣogbo. Ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ṣùgbọ́n kò tí ì dé Òṣogbo, áńbọ̀sì Ìkìrun.

Ìran tó ń dàgbà báyìí ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ téṣàn sí ilé ọlọ́pàá ju ilé rélùwéè lọ. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tọ́jú ilé téṣàn àtijọ́ tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó ṣòwò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, nítorí ibẹ̀ ni òwò òde òní ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Odò Ọ̀tìn.