Ta Ló Tú Lẹ́tà Mazzini?

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí ẹnìkan bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókèèrè mọ̀ pé ọkàn òun ń fà sí i, owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò sín, tí yóò sì fi rán ońṣẹ́. Ẹni tó gbà á yóò gbọ́ "fà" nínú mẹ́fà. Àrokò nìyẹn. Iṣẹ́ ońṣẹ́ ni láti gbé e débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó tú u wò. Nígbà tí ìwé dé, lẹ́tà gba ipò àrokò. Ìtàn àwọn lẹ́tà kan tí wọ́n tú lójú ọ̀nà ni mo mú wá lónìí.

Ní 1837, ọmọ Ítálì kan tí ń jẹ́ Giuseppe Mazzini sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ítálì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọba ló pín in láàárín ara wọn, Austria sì di apá kan rẹ̀ mú. Mazzini fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan, láìní ọba. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 1844, ó fura. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun bu yanrìn àti irúgbìn wẹ́wẹ́ sínú lẹ́tà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn lẹ́tà náà dé, lílẹ̀ ni wọ́n wà, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n yanrìn ti dà nù, irúgbìn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹfà, aṣòfin kan, Thomas Duncombe, gbé ẹ̀bẹ̀ Mazzini lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Sir James Graham, ló ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí wọ́n tú àwọn lẹ́tà náà. Kò fẹ́ ṣàlàyé. Òfin kúkú wà lẹ́yìn rẹ̀: láti 1711 ni òfin ti gbà kí mínísítà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ariwo ta. Thomas Carlyle kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times láti gbèjà Mazzini. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje, wọ́n yìnbọn pa Attilio àti Emilio Bandiera, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ti ń bá Mazzini kọ̀wé, lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ wọn ní gúúsù Ítálì kùnà. Àwọn kan ní inú lẹ́tà ni àṣírí wọn ti tú. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà ti dé etí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti ọ́fíìsì tó ń tú lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè ní ìkọ̀kọ̀ pa lọ́dún náà. Agbára mínísítà kò parẹ́ nínú òfin.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìjọba pẹ̀lú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ gbé kò ní í kéde rẹ̀ lọ́jà. Nítorí ààbò ni ìjọba Nàìjíríà ṣe pàṣẹ ní oṣù kejìlá 2020 pé kí a so nọ́ńbà fóònù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999 náà mọ ọ̀nà méjèèjì: abala 37 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù wa; abala 45 sì gbà kí òfin dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú.

Níbo wá ni ààlà wà? Mazzini rí yanrìn fi mọ olè. Àwa kò rí yanrìn bù sínú fóònù. Bí ẹnìkan bá yọjú wo ọ̀rọ̀ wa, a lè má mọ̀ láéláé. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa béèrè: Ta ló fọwọ́ sí i? Kí ni ìdí rẹ̀? Ta ni yóò dáhùn bí ó bá ṣìṣe? Ìjọba tó lè dáhùn ń ṣọ́ ìlú. Èyí tí kò fẹ́ dáhùn, ìlú ni kí ó ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan nínú yín lè di ẹni tí a ó fi lẹ́tà ẹlòmíràn sí níkàáwọ́ lọ́jọ́ kan. Kí ẹ rántí ońṣẹ́ àrokò. Ó dàbọ̀ o.