Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Òrùka Ẹ̀rọ Awárin

 Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú ìjíròrò wa lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ kò kéré. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wá irin, bàbà, fàdákà tàbí wúrà nínú ilẹ̀, tí ó sì fẹ́ yọ òrùka tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, kí ó fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé òrùka ńlá ń ríran jìnnà nínú ilẹ̀ ju òrùka kékeré lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà ni wọ́n sọ. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìtàn ẹ̀rọ yìí láti 1881 títí di àkókò wa ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí pé ohun tí a ń wá ni ó yẹ kí ó yan òrùka fún wa, àti pé bí ojú wa bá ti ń jìn sínú ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ó wà lọ́rùn wa ṣe ń wúwo tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀rọ awárin, gẹ́gẹ́ bí n ó ti máa pè é, ní ọ̀pá kan, àpótí kékeré kan ní òkè ọ̀pá náà, àti òrùka pẹrẹsẹ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú òrùka yìí ni wáyà bàbà tí a ká yípoyípo wà. Bí iná mànàmáná bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà náà, agbára bíi ti òòfà yóò ti ara rẹ̀ jáde wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí agbára yìí bá kan irin tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan irin, iná díẹ̀ yóò ru sókè nínú ohun náà, òun pẹ̀lú yóò sì rán agbára tirẹ̀ padà sókè. Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di ariwo sí etí ẹni tí ó mú un dání. Igi, egungun àti aṣọ kò ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ wà lábẹ́ òrùka gan-an, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. N ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí ayé gbọ́ nípa irú ẹ̀rọ báyìí, ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú Washington. Ọta kan wọlé sí i lára, àwọn oníṣègùn kò sì mọ ibi tí ó fara pamọ́ sí. Alexander Graham Bell, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti 1876 nítorí tẹlifóònù, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ní òrùka wáyà láti fi wá ọta náà láìfi ọ̀bẹ kan aláìsàn. Ó dán an wò lára àwọn ológun àtijọ́ tí ọta ìbọn ṣì wà nínú ẹran ara wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹ̀bá Ààrẹ, ariwo kò jẹ́ kí ó mọ ibi kan yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbọ́ pé wáyà irin ni wọ́n fi ṣe abẹ́ ibùsùn náà. Ní àfikún, olórí àwọn oníṣègùn ti pinnu pé apá ọ̀tún ni ọta wà, apá ọ̀tún náà ni ó sì gbà kí Bell wá. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, apá òsì ni wọ́n ti bá ọta náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn ti fi kọ́ wa pé ẹ̀rọ tí ó ń gbọ́ ohun gbogbo lè má gbọ́ ohun kan ṣoṣo tí a ń wá.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ọwọ́ Gerhard Fischer, ọmọ Jámánì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ rédíò tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń mọ ọ̀nà. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà máa ń ṣìnà níbi tí irin tàbí òkúta tí ó ní irin nínú bá wà. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù lójú ẹlòmíràn ni ó sọ di iṣẹ́ ọwọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ awárin tirẹ̀ ní 1937. Àpótí méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọ̀kan ń rán agbára jáde, èkejì ń gbọ́ ìdáhùn, ọ̀pá gígùn sì wà láàárín wọn. A lè sọ pé òun ni baba gbogbo òrùka ńlá. Ó ń rí páìpù omi àti ìṣàn òkúta onírin ní jíjìn tí òrùka ọlọ́wọ́ kan kò lè dé. Ṣùgbọ́n bí owó fàdákà kan ṣoṣo bá wà lórí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí apẹja tí kò mọ̀ pé àwọ̀n olójú ńlá kì í mú ẹja wẹ́wẹ́.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ọ̀rọ̀ yìí di ti ìyè àti ikú. Ọ̀gágun kékeré kan láti Pólàǹdì, Józef Kosacki, tí ó bá àwọn ọmọ ogun ìlú rẹ̀ sá wá sí Skọ́tíláǹdì, ni ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ènìyàn kan lè gbé láti fi wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Kò gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ó fi ta ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 14. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, nígbà ogun El Alamein ní Íjíbítì, 500 irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n kó lọ sí aṣálẹ̀ tí àwọn ọ̀tá ti rì bọ́ǹbù tí ó súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù sí. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun lè yẹ̀ wò ní wákàtí kan kúrò ní nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 100, ó di nǹkan bí 200. Wọ́n fi orúkọ Kosacki pamọ́ jálẹ̀ ogun náà, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì ní ilé.

Àwọn ará Jámánì náà kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ṣe àpótí bọ́ǹbù, wọ́n tilẹ̀ fi gíláàsì ṣe òmíràn, tí ó fi jẹ́ pé irin díẹ̀ ni ó kù nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá wá so òrùka tí ó tóbi bí ọpọ́n mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, irin kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣọnù sínú òrùka náà. Ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn ni yóò wá rí i.

Kí ni ó fà á tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Agbára tí òrùka kékeré ń rán jáde le gan-an nítòsí, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà kí ó tó rẹ̀. Ti òrùka ńlá kò le tó bẹ́ẹ̀ nítòsí, ṣùgbọ́n ó rọra ń rẹ̀ ni. Nítorí náà ni òrùka ńlá fi ń rí ohun ńlá tí ó jìn, tí òrùka kékeré sì ń rí ohun kékeré tí ó súnmọ́. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí òun bá sọ òrùka di ìlọ́po méjì, òun yóò rí owó ẹyọ kan ní jíjìn ìlọ́po méjì. Bí ohun kékeré bá ti jìn ju ìwọ̀n òrùka lọ, tí a sì sọ jíjìn náà di ìlọ́po méjì, agbára tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dín sí ìdá kan nínú 8. Ìdáhùn tirẹ̀ pẹ̀lú yóò tún dín bẹ́ẹ̀ ní àbọ̀. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 64: ìdá kan nínú 64 ni yóò padà sí etí wa. Íǹṣì díẹ̀ ni ènìyàn ń rí jẹ lórí òrùka ńlá, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí òrùka oníǹṣì 15 ń bò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju ìlọ́po mẹ́ta ti oníǹṣì 8 lọ. Gbogbo ìṣó, ìdérí ìgò àti irin tí ó wà nínú erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa kígbe pọ̀ bí wáyà ibùsùn Garfield. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò: ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì péré sílẹ̀, láàárín ìṣó méjì, níbi tí òrùka kékeré nìkan lè yà á sọ́tọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti inú ọ̀rọ̀ mi kà á pé òrùka ńlá kò wúlò. Ní 1980, ní ẹ̀bá Kingower ní ìpínlẹ̀ Victoria, orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹ̀rọ awárin ni ó fi òkúta wúrà tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Ìgbàgbọ́ hàn. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kílò 27, kò sì jìn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn awawúrà ilẹ̀ náà ti ń du òrùka ńlá, ìdí wọn sì yé mi. Orí pápá tí àwọn baba ńlá wọn ti wà láti àwọn ọdún 1850 síwájú ni wọ́n wà. Ohun tí ó súnmọ́ òkè ti tán, èyí tí ó jìn ni ó kù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó pupa, tí irin kún inú rẹ̀, ni ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀rọ tí ń ju agbára sílẹ̀ lẹ́rìnkan, tí yóò dákẹ́, tí yóò sì tẹ́tí sílẹ̀, ni òrùka ńlá wá wúlò fún wọn dáadáa. Ẹni tí ó bá ra òrùka láìwo ẹ̀rọ àti ilẹ̀ rẹ̀, owó ni ó rì mọ́lẹ̀.

Wàyí o, mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ẹrù ń wúwo bí ojú bá ti ń jìn. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Hoxne ní Suffolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, àgbẹ̀ kan sọ òòlù rẹ̀ nù sínú oko, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní ẹ̀rọ awárin pé kí ó bá òun wá a. Ìṣúra àwọn ará Róòmù ni ọkùnrin náà bá: owó wúrà, fàdákà àti bàbà tí ó lé ní 14,000, pẹ̀lú ṣíbí àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Kò hú gbogbo rẹ̀ tán. Ó dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé, wọ́n rí àmì àpótí igi tí ìṣúra náà wà nínú rẹ̀, àti ipò tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ rántí pé igi kì í dáhùn ẹ̀rọ. Bí ọkùnrin náà bá ti fi ìkánjú wa ilẹ̀ náà, wúrà yóò wà, ṣùgbọ́n àpótí náà ìbá ti parẹ́ títí ayé. Wọ́n san mílíọ̀nù 1.75 pọ́n-ùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san, ó sì bá àgbẹ̀ náà pín in. Òòlù náà pẹ̀lú wà ní British Museum.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938. Ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ni ọkọ́ ti kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn. Kò sí ẹ̀rọ awárin níbẹ̀, kò sì sí awalẹ̀pìtàn. Mélòó kan nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ọ̀kan sì ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn orí náà wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò nínú ilẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ tí ó yẹ nípa wọn. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Èyí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ òrùka fi kàn wá. Erùpẹ̀ òkè, tí ọkọ́ àti katakata ti ń yí padà lọ́dọọdún, ìtàn inú rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìtàn wà bí àwọn tí ó ni ín ti fi í sí. Íǹṣì díẹ̀ tí òrùka ńlá fi kún jíjìn lè jẹ́ íǹṣì tí ó gba ibi tí ó dàrú kọjá sí ibi tí kò tíì dàrú. Ní ilẹ̀ wa, yangí kún fún irin, ìdàrọ́ àwọn àgbà tí ń yọ́ irin sì wà káàkiri àwọn ahoro. Òrùka ńlá yóò máa pariwo lórí wọn, olùwá yóò sì máa gbẹ́lẹ̀ kiri. Òfin sì wà: láti 1979 ni òfin Àjọ tí ń mójútó ilé ìṣẹ̀m̀báyé àti ohun ìrántí ti là á kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wú ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ohun tí ẹ ń wá bá tóbi, tí ó sì jìn, tí ilẹ̀ sì mọ́ tónítóní, tí apá yín sì lè gbé e láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òrùka ńlá yẹ yín. Bí ó bá jẹ́ ohun wẹ́wẹ́ láàárín pàǹtírí, ẹ fi kékeré sílẹ̀ níbi tí ó wà. Bí ó bá sì ṣe pé ohun àwọn baba wa ni ẹ̀rọ náà ké sí, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró ni ó rí àpótí mọ́ wúrà.